Omi, Iná àti Ọwọ́ Obìnrin: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fún Epo ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn àwọn ìlú wa, adé, ìlẹ̀kẹ̀, odi ìlú, ogun Dàhòmì àti orúkọ àwọn ọba tó ti jẹ ni a sábà máa ń kà sílẹ̀. Ìtàn kan wà tí a kì í kà mọ́ ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ òun ló bọ́ ààfin, òun ló fa àwọn òyìnbó wá sí ọ̀sà Àjàṣẹ́, òun ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ àdéhùn tí àwọn ọba fi ọwọ́ sí. Ìtàn epo ni. Kì í ṣe òwò epo nìkan ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ níhìn-ín, bí kò ṣe bí a ṣe ń fún un: ohun tí omi ń ṣe sí i, ohun tí iná ń ṣe sí i, iye ọjọ́ tí a fi èso sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án, àti ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ìdí tí mo fi gbé e dìde ni pé ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ láàárín wa, èyí tí a jogún láti ẹnu àwọn oníṣòwò àti àwọn aláṣẹ amúnisìn, tí a kò sì yẹ̀ wò kí a tó gbé e mì: pé àwọn ìyá wa kò mọ epo ṣe, pé aláìmọ̀kan ni wọ́n títí ẹ̀rọ fi dé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó kàwé. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, ó sì ti ná wa lówó láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n dúró sí láti dín iye owó epo wa kù.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹyìn kan ṣoṣo, ọ̀rá méjì. Nínú ẹran ara rẹ̀ ni epo pupa ti ń jáde. Nínú ekùrọ́ tó wà láàárín rẹ̀ ni àdín ti ń jáde. Ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra, ọ̀nà tí a fi ń fún wọn kò jọra, ẹni tó sì ni wọ́n nínú ilé kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Màá padà sórí èyí.

Nínú ẹran ara ẹyìn tó ti pọ́n, èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lípéèsì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹyìn bá wà lódidi lórí igi, èròjà yìí àti ọ̀rá kò pàdé ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ìdì ẹyìn bá ti já lulẹ̀, tí ara ẹyìn fọ́ tàbí tó bó, lípéèsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, ásíìdì inú epo yóò sì máa pọ̀ sí i láti wákàtí dé wákàtí. Ooru ni ń pa á. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 60 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, agbára rẹ̀ dópin. Nítorí náà, ìyá tó bá se ẹyìn rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ yóò rí epo tó ń ṣàn, tí kò ta ọ̀fun. Èyí tó bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹfà yóò rí epo tó ń dì, tó sì kan lẹ́nu. Ìyá méjèèjì lè ní ọgbọ́n kan náà. Ohun tí wọn kò jọ ní ni omi, igi ìdáná àti ọwọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, wọ́n á yọ ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀ ní kíákíá, wọ́n á sè é kí ó jinná dáadáa, wọ́n á gún un nínú odó tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á da omi lé e, wọ́n á fi ọwọ́ ṣa ìhá àti ekùrọ́ kúrò, wọ́n á bu epo tó léfòó, wọ́n á sì tún gbé e kaná kí omi tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè gbẹ tán. Ìgbékaná ìkẹyìn yìí kì í ṣe àṣejù. Bí omi bá kù nínú epo, jíjá ọ̀rá yóò máa bá a lọ nínú àgbá títí epo náà yóò fi kan. Epo ọ̀nà yìí a máa pupa fòò, a máa dùn lọ́bẹ̀, a sì máa pẹ́ nílẹ̀. Èyí tí àwọn ará etíkun Tógò àti agbègbè Mono ń pè ní zomi, tí wọ́n ń kó wá tà dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ ìdílé kan náà ni pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọ̀nà kejì, wọ́n á kó ẹyìn jọ, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá ti rọ̀, a ó dà á sínú kòtò tàbí ọpọ́n igi gbígbẹ́, àwọn ènìyàn yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò gba iná púpọ̀. Kò gba omi tó ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ní ẹyìn rẹpẹtẹ ní àkókò kan náà, tí kò sì ní ìkòkò àti igi tó lè sè é tán, ọ̀nà yìí nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún un bí kò bá fẹ́ kí ẹyìn rà mọ́ ilẹ̀.

Àwọn oníṣòwò Liverpool mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́ ní epo rírọ̀, wọ́n ń pe ti kejì ní epo líle. Epo tó ń gba Èkó kọjá ni wọ́n kà sí ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù lọ nínú epo rírọ̀, èyí tó ń ti apá kan ẹsẹ̀ odò Ọya àti Kóńgò wá ni wọ́n sì ń pè ní líle. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀sà ló so Àjàṣẹ́ mọ́ Èkó, àti pé ọ̀pọ̀ epo Àjàṣẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé gba ọ̀nà yẹn lọ sí etíkun. A jẹ́ pé nínú epo tí wọ́n ń yìn lórúkọ Èkó, tiwa wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí epo Àjàṣẹ́ fi lè rọ̀? Ẹ wo ilẹ̀ náà. Àjàṣẹ́ dùbúlẹ̀ sí etí ọ̀sà, odò Wémẹ̀ ń ṣàn wá sí tòsí rẹ̀, omi kò wọ́n. Ìyá tó ń ṣe epo níbẹ̀ lè sè, kí ó fọ̀, kí ó tún sè. Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú náà wà, omi sì jẹ́ ìṣòro ńlá fún un láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kànga jìn, ọ̀nà omi sì gùn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi tí a máa mu àti èyí tí a máa fi se oúnjẹ ni obìnrin kọ́kọ́ ń rò. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi tí a fi ṣe epo, omi tí a gbà lẹ́nu ọmọ ni. Ẹni tó bá wá láti ìdí kọ̀ǹtọ́ọ̀ oníṣòwò, tó wo epo obìnrin Kétu tó sì pè é ní ọ̀lẹ, kò tíì ru ìkòkò omi lọ́nà yẹn rí.

Ìbéèrè mìíràn tún wà: ta ló sọ pé epo líle burú? Fún ọbẹ̀, kò dára, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń wá epo fún. Ní 1823 ni Chevreul tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rá jáde ní Paris, níbi tó ti fi hàn pé ọ̀rá ṣeé pín sí ásíìdì àti gílísírìnì. Láti inú ìmọ̀ yẹn ni àbẹ́là tuntun ti jáde, èyí tí kì í yọ́ nínú ooru bí ti ọ̀rá màlúù. Ní 1840, Frémy ṣe ìwádìí lórí epo ọ̀pẹ, ásíìdì tó rí níbẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní palmitic títí dòní. Ọ̀pẹ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Fún ẹni tó ń ṣe àbẹ́là tàbí ọṣẹ, epo tó ti já sí ásíìdì kò ní àléébù púpọ̀, nítorí iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ì bá ṣe ni èso ti bá a ṣe dé ìdajì. Ẹyìn tó wà lábẹ́ ewé fún ọjọ́ mẹ́fà ń ṣe ní kòtò ohun tí ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù ń fi iná àti ásíìdì ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ọjà yí padà. Nobel rí lílò gílísírìnì fún dáínámáìtì ní 1867. Gílísírìnì di ohun olówó iyebíye, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú omi kòtò ni gílísírìnì epo líle máa ń bá lọ. Ní 1869, Mège-Mouriès ṣe bọ́tà àtọwọ́dá tí a mọ̀ sí mágárínì, ní 1902 sì ni Normann gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń sọ òróró tó ń ṣàn di ọ̀rá tó ń dì. Epo wá di ohun jíjẹ ní Yúróòpù. Láti ìgbà yẹn lọ ni ásíìdì di ẹ̀sùn. Epo tí wọ́n ti rà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjanpata, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní epo bíbàjẹ́, àwọn tó ṣe é sì di aláìmọ̀kan. Mo rò pé ó yẹ kí a máa sọ èyí fún àwọn ọmọ wa kedere: ẹni tó ń rà ló yí ohun tó ń fẹ́ padà, ó sì fi ẹ̀bi rẹ̀ lé ẹni tó ń tà lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ epo ti kan ọba nìyí. Ọba Ghezo ti Dàhòmì, tó jọba láti 1818 sí 1858, rí i pé òwò ẹrú ń lọ sópin, ó sì fi epo kún ọrọ̀ ìjọba rẹ̀. Ní 1841 ni Victor Régis, oníṣòwò ará Marseille, tẹ̀dó sí Wídà láti ra epo. Ìtàn sọ pé Ghezo fòfin de gígé ọ̀pẹ lulẹ̀. Ṣùgbọ́n oko ọ̀pẹ ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò kọ ẹyìn, ọwọ́ tí yóò rù ú, ẹsẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọ̀nyí sì jẹ́ ti àwọn tí ogun kó. Nígbà tí ọmọ ogun Glele wó Kétu ní 1886, kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n kó ni wọ́n pa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn ní oko ní àyíká Àgbómẹ̀, lórí ilẹ̀ tí omi ti wọ́n bí ti ilé, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún ọba tó ba ìlú wọn jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka orúkọ àwọn baba ńlá yín nínú oríkì, ẹ rántí pé lára wọn wà tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹ ẹyìn Dàhòmì. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni wọ́n tó rí ọ̀nà wálé, ní 1894 sì ni Kétu tún dìde lábẹ́ Ọba Onyegen.

Ti Àjàṣẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà ní 1861, ní 1863 sì ni Ọba Sodji tẹ́wọ́ gba ààbò Faransé. Toffa gorí oyè ní 1874, ó sì jọba títí di 1908. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ lórí ìjà Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lórí etíkun yìí. N kò ní tún un kọ. Kókó rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní ọ̀nà omi ló ní owó ibodè epo àti ekùrọ́, ọba tó bá sì ti gba òyìnbó láàyè ní ibodè kì í lè sọ fún un mọ́ iye tí òun fẹ́ gbà.

Mo ní màá padà sórí ekùrọ́. Kí ọdún 1850 tó dé, ọ̀pọ̀ ekùrọ́ ni wọ́n ń dà nù sí ẹ̀yìnkùlé tàbí tí wọ́n ń fi dáná. Láàárín ọdún 1860 sí 1880, òwò rẹ̀ gbilẹ̀, Hamburg ní Jámánì sì di ojúkò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ ló ni epo, ìyàwó ló ni ekùrọ́. Obìnrin náà ni yóò sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òun ni yóò jókòó pẹ̀lú òkúta méjì, tí yóò máa pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsáòòrùn yẹn ní ìdí. Bí ekùrọ́ bá gbẹ, á sún kì, á kúrò lára karawun rẹ̀, yóò sì jáde lódidi nígbà tí a bá pa á. Èyí tí kò gbẹ yóò fọ́, ibi tó ti fọ́ ni èébu yóò ti wọlé, èébu náà yóò sì já ọ̀rá rẹ̀ bí lípéèsì ti ń ṣe nínú ẹyìn. Nítorí èyí ni oníṣòwò ṣe máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò wò kí ó tó sanwó. Àwọn kan wà tí wọ́n ń rẹ ekùrọ́ sómi kí ó lè wúwo, a kò ní purọ́. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni òṣùwọ̀n oníṣòwò kì í fi ìgbà gbogbo ṣe òótọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: kí ló dé tí wọn kò ra àdín lọ́wọ́ wa, tó jẹ́ odidi ekùrọ́ ni wọ́n ń kó lọ? Àwọn ìyá wa mọ àdín ṣe kí òyìnbó tó dé. Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú ekùrọ́ fúnra rẹ̀. Odidi ekùrọ́ tó gbẹ lè wà nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìbàjẹ́. Ìdáhùn kejì wà nínú agbára. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ekùrọ́ ló jẹ́ ọ̀rá, ṣùgbọ́n inú ilé tíntìntín tí ògiri rẹ̀ le ni ọ̀rá náà wà. Kí ó tó jáde, a gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kúnná kí ògiri wọ̀nyẹn fọ́. A gbọ́dọ̀ mú un gbóná kí ọ̀rá lè ṣàn, kí pròtéènì inú rẹ̀ sì dì pọ̀ kí ó jọ̀wọ́ ọ̀rá sílẹ̀. A gbọ́dọ̀ dín omi inú rẹ̀ kù débi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi agbára tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, nítorí bí a bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà jáde yóò dí. Hamburg ní irin tí ń lọ̀, ooru omi gbígbóná àti ẹ̀rọ ìtẹ̀. Àwa ní odó, ọlọ àti ìkòkò. Ìdáhùn kẹta ni èyí tí a kì í sábà sọ: ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá fún ekùrọ́ tán jẹ́ oúnjẹ àtàtà fún màlúù. Àwọn àgbẹ̀ Jámánì ń fi bọ́ ẹran wọn, wàrà ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ta odidi ekùrọ́ ta òróró, ó ta oúnjẹ ẹran, ó sì ta iṣẹ́ náà pẹ̀lú, ní iye owó ẹyọ kan.

Nígbà tí ogun 1914 bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣòwò Jámánì kúrò ní Àjàṣẹ́, Tógò bọ́ lọ́wọ́ ìjọba wọn, ẹni tó ń ra ekùrọ́ jù lọ sì pòórá láàárín oṣù díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti so Àjàṣẹ́ mọ́ Sakétẹ́ àti Pobẹ̀ nígbà náà, àpò ekùrọ́ lè dé etí ọ̀sà kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dúró dè é níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìyà náà kọ́kọ́ tẹ̀.

Àdín ilé kò tìtorí èyí parun. Oríṣi méjì ni wọ́n ń ṣe. Àdín dúdú ni èyí tí a yan ekùrọ́ rẹ̀ nínú ìkòkò gbígbóná títí yóò fi dúdú tí ọ̀rá yóò sì máa tàn lára rẹ̀, kí a tó gún un, kí a lọ̀ ọ́, kí a sì sè é. Yíyan yìí ni ń ṣe iṣẹ́ tí ooru ẹ̀rọ ń ṣe ní Hamburg: ó ń lé omi lọ, ó ń sọ ògiri inú ekùrọ́ di ẹlẹgẹ́. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa ni àwọ̀ àti òórùn. Èyí tí a kò yan, tí a kàn gún tí a sì sè nínú omi, a máa mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a máa kéré. Ìyá tó ń ṣe àdín fún ara ọmọ tuntun àti fún irun mọ èyí tó ń fẹ́. Ẹni tó ń ṣe é fún ọṣẹ kò ka àwọ̀ sí. Mélòó nínú wa ló ṣì lè fi imú mọ ìgbà tó yẹ kí a sọ ekùrọ́ kalẹ̀ kí ó tó jóná? Bí ó bá jóná, kíkorò rẹ̀ kò ní ẹ̀rò.

Gbogbo ẹni tó bá mọ ìṣẹ̀ṣe wa ló mọ̀ pé àdín jẹ́ èèwọ̀ Èṣù, nígbà tí epo pupa jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Èèwọ̀ yìí bá àwọn ọmọ wa rékọjá òkun. Nínú àwọn ilé Candomblé tó ń pe ara wọn ní ti Ketu ní Bahia, wọ́n ṣì ya epo ọ̀pẹ, tí wọ́n ń pè ní dendê, sọ́tọ̀ kúrò lára àdín, wọn kì í sì í fi èyí kejì rúbọ sí Èṣù. Àwọn Àgùdà tó padà wá sí Àjàṣẹ́ láti Bahia bá epo kan náà nílé. Mo ka èyí sí ẹ̀rí ńlá: àwọn tí wọ́n kó lọ ní ọwọ́ òfo rántí pé ọ̀rá méjì inú ẹyìn kan kì í ṣe ohun kan náà.

Ní Ṣábẹ̀, ìtàn náà yí ojú padà, nítorí ọ̀pẹ kò pọ̀ níbẹ̀ bí igi òrí àti ẹ̀pà. Òrí ni mo rò pé ó gba ọgbọ́n jù nínú gbogbo wọn, nítorí kò sí ìtẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Wọ́n á ṣa èso rẹ̀, wọ́n á bọ kóró rẹ̀ kí ó má ṣe hù, nítorí kóró tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù ti ń jẹ ọ̀rá ara rẹ̀. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ di ẹ̀tù tó rọ̀ bí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi ọwọ́ pò ó pẹ̀lú omi. Bí omi bá gbóná jù, ọ̀rá yóò yọ́, kò ní kó ara rẹ̀ jọ. Bí ó bá tutù jù, ẹ̀tù náà yóò le, ọwọ́ kò ní lè rò ó. Ọwọ́ obìnrin ló ń mọ ìgbà tó yẹ kí a dá omi tútù sí i, tí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó bí ìfófòó. Wọ́n á bù ú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì sè é kí omi inú rẹ̀ lè lọ. Kò sí ìwé tó kọ́ wọn, kò sì sí ohun ìwọ̀n ooru lọ́wọ́ wọn.

Ti ẹ̀pà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlànà rẹ̀ sì jọ ọ́: yan án díẹ̀, bó o, lọ̀ ọ́, kí o sì máa ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀ bí o ti ń pò ó títí òróró yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò sọ ọ́ di wàrà tí òróró kò ní jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń din ní kúlíkúlí nínú òróró rẹ̀ gan-an. Ẹ ṣàkíyèsí: níhìn-ín, ìyókù kò lọ sọ́dọ̀ màlúù Jámánì, ẹnu wa ló wọ̀, ọwọ́ obìnrin tó fún un ni owó rẹ̀ sì bọ́ sí.

Ìjọba amúnisìn dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀, lórí ilẹ̀ àwọn ènìyàn wa. Iṣẹ́ tó dára ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀pẹ àtijọ́ wa ní karawun tó nípọn, ẹran ara rẹ̀ kò sì pọ̀. Lẹ́yìn tí Beirnaert àti Vanderweyen ti fi hàn ní Kóńgò ní 1941 bí ìpọn karawun ṣe ń tọ ìdílé, ó ṣeé ṣe láti mọ̀ọ́mọ̀ bí ọ̀pẹ tí karawun rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀ lé e, bí èyí tó wà ní Avrankou nítòsí Àjàṣẹ́. Ooru omi tí wọ́n fi ń se odidi ìdì ẹyìn ń kọjá ìwọ̀n 120, lípéèsì kú kíá, ásíìdì inú epo kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 5 nínú 100. Ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn pé epo náà kò mọ́.

Ṣùgbọ́n odidi ìdì ẹyìn ni ilé iṣẹ́ ń rà, ọkọ ló sì ń gba owó rẹ̀. Ekùrọ́ bá a lọ. Ìyàwó tó ń fi ekùrọ́ ra ìwé ọmọ àti aṣọ ọdún kàn rí i pé ohun tí í ṣe tirẹ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà jáde láìsí ẹni tó bi í. Ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àwọn obìnrin dìde ní gbangba lòdì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún 1950 ń súnmọ́. Nílé wa, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ dákẹ́ ju ìyẹn lọ: ẹyìn tó yẹ kí ó dé ilé iṣẹ́ kì í dé tán, ìkòkò epo sì ń hó lẹ́yìnkùlé. Àwọn tó ń ṣírò èrè ẹ̀rọ pe èyí ní àìfẹ́ ìtẹ̀síwájú. Lójú tèmi, ìṣirò ni òun náà, àwọn tó ṣe é sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré tí ń lọ ẹyìn àti èyí tí ń pa ekùrọ́ wà ní ọ̀pọ̀ abúlé láti Sakétẹ́ dé Kétu, inú mi sì dùn sí i, nítorí kò sí ohun tó yẹ fún ìyìn nínú kí obìnrin máa fi òkúta lu ìka ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún ni pé kí àwọn tó ń kọ ìtàn ààfin sílẹ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìyá tó ti dàgbà, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ní Atakpamé pẹ̀lú láàárín àwọn Ifẹ̀ ti Tógò. Kí a bi wọ́n ní iye ọjọ́ tí wọ́n ń fi ẹyìn sílẹ̀ ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi epo, igi tí wọ́n ń fi dáná àti èyí tí wọn kì í fi dáná nítorí èéfín rẹ̀, òórùn tí wọ́n ń gbọ́ kí wọ́n tó sọ àdín kalẹ̀, àti ẹni tó ni ekùrọ́ nínú ilé ọkọ wọn. Kí a kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ abúlé wọn, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.